Kọ̀ǹpútà Ilé Yín Kún? Ẹ Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Fọ́máàtì Rẹ̀

   Ẹ̀yin ará wa ní Warri, Effurun, Udu, Ughelli, títí dé Sapele, mo mọ̀ pé ọjà le lásìkò yìí, kálukú ló ń sáré, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ lè ní, èmi tí mo ń ta ike àti báàfù ní ọjà Igbudu, kí ló kàn mí nínú kọ̀ǹpútà? Ó kàn mí dáadáa. Ohun tí mo sọ nù nínú rẹ̀, bí mo ta gbogbo ìsọ̀ mi, mi ò lè fi owó rẹ̀ rà á padà.

Nígbà tí JAMB gbé gbogbo ìdánwò wọn sórí kọ̀ǹpútà ní 2015, ọ̀pọ̀ nínú wa tí a lọ́mọ níléèwé girama sáré wá kọ̀ǹpútà kiri, kí àwọn ọmọ má baà dé gbọ̀ngàn ìdánwò kí wọ́n máa wo bọ́tìnì bí ẹni rí iwin. Èmi náà ra ọ̀kan, tòkunbọ̀ ni, mo gbé e wá sílé mi níbí ní Ekete. Àwọn ọmọ ṣe ìdánwò tán, kọ̀ǹpútà kò kúrò nílẹ̀. Fíìmù wọ ibẹ̀. Orin wọ ibẹ̀. Fóònù ìyá àwọn ọmọ kún, wọ́n da àwòrán rẹ̀ síbẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa nígbà náà, mo kó orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, owó àdájọ àti àkọsílẹ̀ ìpàdé síbẹ̀. Kí n tó mọ̀, kọ̀ǹpútà ti di àjà ilé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní ilé alámọ̀ mọ àjà: ohun tí a kò mọ ibi tí a ó gbé e sí, òkè àjà là ń jù ú sí.

Ní Kérésì 2016 mo lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá mi ṣì wà láyé. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, tí gbogbo wa jókòó síta, màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìdílé bàbá mi, láti orí ẹni àkọ́kọ́ títí dé orí àwa tí a jókòó níbẹ̀. Mo fi fóònù gbà á sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Nígbà tí mo padà dé Ekete, mo gbé e sínú kọ̀ǹpútà, mo sì pa á rẹ́ lórí fóònù torí kò sí àyè níbẹ̀ mọ́. Àbúrò mi obìnrin tó wà nílé ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun. Mo gé ìṣẹ́jú méjì níbẹ̀rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, mo ní tí mo bá ra dátà màá fi ìyókù ránṣẹ́. Ẹ̀yin náà mọ "tó bá dọ̀la" wa. Màmá dákẹ́ ní 2017.

Ní 2018 kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ lè lọ pọn omi dé kó tó dáhùn. Ó ń kọ ọ́ sójú pé kò sí àyè mọ́ ní C. Mo ké sí ọmọkùnrin kan tó ń ṣe kọ̀ǹpútà. Ó tẹ̀ ẹ́ níbí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó mi orí, ó ní, "Daddy, e don full. Na to format am." Mo ní ṣé kò ní ṣe nǹkan kan. Ó ní rárá o, yóò dà bíi tuntun. Òótọ́ ló sọ. Ó dà bíi tuntun lóòótọ́. Ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ di tuntun kì í sì í ní nǹkan kan nínú.

Mi ò mọ̀ títí oṣù kẹta, nígbà tí a fẹ́ sọ ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ lórúkọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká fi ohùn màmá ki ọmọ náà. Mo wá a ní C, mo wá a ní D, mo ṣí gbogbo fódà. Òfìfo. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn lọ́nà Enerhen Junction, ẹni yẹn jókòó tì í fún ọjọ́ méjì. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé tí a bá pa nǹkan rẹ́ nínú háàdì dísìkì, nǹkan náà kì í lọ lójú ẹsẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kọ̀ǹpútà yọ kúrò nínú ìwé, ó sì kà á sí pé àyè yẹn ti ṣófo. Títí tí nǹkan mìíràn yóò fi jókòó síbẹ̀, a ṣì lè wá a rí. Ṣùgbọ́n nínú tèmi, wọ́n ti gbé Windows mìíràn lé e, àwọn ọmọ sì ti fi oṣù mẹ́ta da fíìmù lé e. Ó dà bí ilé àtijọ́ tí wọ́n wó, tí wọ́n sì ti kọ́ ilé mìíràn sórí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kí lẹ tún fẹ́ gbẹ́?

Ìṣẹ́jú méjì tó wà lọ́wọ́ àbúrò mi nílé ló kù. Òun la fi ki ọmọ. Nígbà tí ohùn màmá fẹ́ dé orí bàbá bàbá mi, ó gé. Gbogbo ilé dákẹ́. Mi ò gbàgbé ìdákẹ́jẹ́ yẹn títí dòní.

Mi ò bínú sí ọmọ tó ṣe é. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ yẹn mọ kọ̀ǹpútà jù mí lọ, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n nínú òkìtì àkísà tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi, èmi nìkan ni mo mọ èyí tó jẹ́ aṣọ òkè ìyá mi. Èmi ló yẹ kí n ti ṣà á kí n tó pè é. Ẹjọ́ mi ni, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀.

Èyí ni èrò mi, mo sì fẹ́ kí ẹ gbé e yẹ̀ wò: kọ̀ǹpútà tó kún kì í ṣe kọ̀ǹpútà tó ń ṣàìsàn. Iṣẹ́ onílé ni láti ṣà á, kì í ṣe iṣẹ́ alátùn-únṣe. Fún àwa tí a wà nílẹ̀ onílẹ̀, ṣíṣà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lásán, ọ̀rọ̀ ìdílé ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kíkún jẹ́, bí ó ti yé èmi ọlọ́jà. Nínú kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ wa, wọ́n pín háàdì dísìkì sí méjì, C àti D. Inú C ni Windows fúnra rẹ̀ ń gbé. Àwọn fódà tí a ń lò jù, Desktop, Downloads, Documents, inú C náà ni wọ́n wà bí a kò bá gbé wọn kúrò. Ìdí nìyẹn tí C fi ń kún tí D sì ṣófo gbàgàdà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Windows kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí àyè. Ó ní àwọn nǹkan tó ń gbé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tó tún ń gbé kúrò. Tí ẹ bá kó ọjà kún ìsọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, níbo ni ẹni tó ń tajà yóò dúró sí? Yóò máa gbé páálí kan kúrò kó tó lè fa òmíràn yọ. Ohun tó ń mú kọ̀ǹpútà wọ́ nìyẹn. Kò lè gba àtúnṣe tuntun mọ́, ìwé tí ẹ ń kọ lè kọ̀ láti wọlé. Kì í ṣe àìsàn. Kò sí ibi tó máa dúró sí ni.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn fi ń pe ẹni tó ta kọ̀ǹpútà fún wọn lólè. Ẹ ra háàdì dísìkì 500GB, kọ̀ǹpútà ní 465 ni. Ẹ ra 1TB, ó ní 931GB. Ẹnikẹ́ni kò jí i. Ẹni tó ṣe é ń ka ẹgbẹ̀rún sí 1,000, Windows ń kà á sí 1,024. Ó dà bíi kóńgò ọjà kan àti kóńgò ọjà kejì. Ìrẹsì kan náà ni, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀.

Àyè tí a sì ń sọ pé kò tó yìí, ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Háàdì dísìkì àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún ènìyàn, IBM ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní 1956. Ó tóbi bí àpótí aṣọ ńlá, àwo àádọ́ta ló ń yí nínú rẹ̀, ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Gbogbo ohun tó lè gbà kò ju lẹ́tà bíi mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Àwòrán kan ṣoṣo tí fóònù ìsinsìnyí yà lè gba gbogbo àyè yẹn tán. Àwa ní igba àwòrán láti ibi ìgbéyàwó kan ṣoṣo, mẹ́wàá nínú rẹ̀ jẹ́ àwo ìrẹsì kan náà. Àyè kọ́ ni ìṣòro wa. A kì í ṣà ni.

Kọ̀ǹpútà mi tún kún lọ́dún yìí. Alátùn-únṣe mìíràn tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ó ní Microsoft ti parí àtìlẹ́yìn Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, nítorí náà ká kúkú fọ́máàtì rẹ̀ ká gbé tuntun sí i. Mo ní ó dáa, ọmọ mi, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Mo jókòó tì í lálẹ́ mẹ́ta, èmi àti ọmọ mi obìnrin tó kẹ́yìn. Bí a ṣe ṣe é nìyí.

Èkínní, kí a tó pa ohunkóhun rẹ́, a kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àwọn ohun tí owó ò lè rà. Mo mú bébà, mo kọ ọ́ sílẹ̀: fọ́tò bàbá àti màmá, fídíò ìsìnkú, fọ́tò ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ, ìwé ẹgbẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò ju 30GB lọ. A kó o sórí háàdì dísìkì kékeré tí a ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, Copy ni kí ẹ lò níbẹ̀, ẹ má lo Cut. Ẹ ṣí ẹ̀dà náà, ẹ wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹ̀yin náà mọ iná ilẹ̀ wa. Tó bá lọ lójijì nígbà tí ẹ ń kó ẹrù láti ibì kan sí ibòmíràn, ó lè ba èyí tó wà lójú ọ̀nà jẹ́.

Èkejì, a lọ sí Settings, a tẹ System, a tẹ Storage. Ibẹ̀ ló ti máa fi hàn yín ohun tó jẹ àyè yín gan-an: fíìmù ni o, àwòrán ni o, ètò tí ẹ kò lò ni o. Ọlọ́jà kì í sọ pé sítọ́ọ̀ kún kó má ka ọjà. Ẹ ka ọjà yín.

Ẹ̀kẹta, Recycle Bin. Ọ̀pọ̀ wa rò pé tí a bá ti pa nǹkan rẹ́, ó ti lọ. Inú agbọ̀n yẹn ló wà, ó ṣì ń jẹ àyè. 11GB ló wà nínú tiwa. Ẹ yẹ inú rẹ̀ wò dáadáa kí ẹ tó dà á nù o, torí tí ẹ bá dà á nù, ó dà nù nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin, Downloads. Ibẹ̀ ni mo ti rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ gba ètò kan ṣoṣo wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́fà, torí wọn kò rántí pé wọ́n ti gbà á. Fídíò ìwàásù kan wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àwòrán "ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sẹ̀ tuntun" tí a ń fi ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp, Ọlọ́run nìkan ló mọ iye rẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ràn yín tó, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. 38GB lọ níbẹ̀ nìkan.

Ìkarùn-ún, ẹ tẹ Disk Cleanup síbi tí wọ́n ń wá nǹkan, ẹ yan C. Ó máa kó ìdọ̀tí tí Windows fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Windows tuntun, ẹ lè bá fódà ńlá kan tó ń jẹ́ Windows.old. Windows àtijọ́ ni, wọ́n fi pamọ́ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá bóyá ẹ fẹ́ padà sí i. Tí nǹkan yín gbogbo bá pé níbi tuntun, ẹ lè gba ibẹ̀ yọ ọ́. Lórí àwọn Windows kan, Disk Cleanup yìí tún lè béèrè pé ṣé kí òun kó Downloads náà. Ẹ má fọwọ́ sí i bí ẹ kò bá tíì ṣà á.

Ẹ̀kẹfà, ètò tí ẹ kò lò mọ́, inú Settings, níbi tí wọ́n kọ Apps sí, ni kí ẹ ti yọ ọ́. Ẹ má lọ máa ki ọwọ́ bọ fódà tí wọ́n kọ Windows tàbí Program Files sí kí ẹ máa pa nǹkan rẹ́ nítorí pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá yọ òpó ilé torí pé ó fẹ́ àyè, àyè yóò wà lóòótọ́, ilé ni kò ní sí.

Ìkeje, a kó àwọn fódà ńlá láti C lọ sí D. Nígbà tí a parí, C tí kò ní ju 1GB lófo tẹ́lẹ̀ ti ní 61GB. Owó epo jẹ́ń nìkan ni mo ná. Òfin tèmi ní ilé báyìí ni pé tí àyè tó kù ní C bá ti ń dín sí ìdámẹ́wàá, ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e di ọjọ́ ṣíṣà.

Ohun kan tí kì í ṣe kíkún rèé o: tí ẹ bá ń gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ nínú háàdì dísìkì yín, tàbí tí fáìlì kan ṣoṣo ń gba ìdajì wákàtí kó tó ṣí nígbà tí àyè sì wà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣíṣà mọ́. Dísìkì náà lè máa kú lọ. Ẹ kó ohun tó ṣe pàtàkì kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó sun.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ní, "Alàgbà, kí ni gbogbo wàhálà yìí? Ẹ ra dísìkì tó tóbi." Mo gbọ́. Rírà kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè tún yàrá kan ṣe, tí ẹ bá fún un ní yàrá méjì, ìdọ̀tí yàrá méjì ni yóò ní. Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun tí ẹ ń rà. Fíláàṣì wà lójú pópó tí wọ́n kọ 2TB sí lára ní owó táṣẹ́rẹ́. Irọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ti tàn kọ̀ǹpútà pé àyè pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ó máa kó nǹkan sí i, yóò ní ó ti wọlé. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ kò ní bá nǹkan kan. Ẹ kó nǹkan kún un, ẹ ṣí èyí tó wọlé kẹ́yìn wò, kí ẹ tó fọkàn tán an.

Àwọn mìíràn á ní, "Ẹ gbé e sórí Google." Ìyẹn náà dára, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n 15GB ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ìmeèlì àti àwòrán ló sì jọ ń pín in. Àwòrán tí wọ́n ń gbà láìníye tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fòpin sí i láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2021. Gbígbé fídíò ìsìnkú lọ síbẹ̀ gba dátà, àwa sì ni a wà níbí nígbà tí NCC gbà ní oṣù Kìíní 2025 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù lè fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn. Èyí tó wá ká mi lára jù: Google sọ pé àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá wọ̀ fún ọdún méjì, àwọn lè pa á rẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mélòó nínú wa ló ti sọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ fún ìyàwó tàbí ọmọ? Bí ọlọ́jọ́ bá dé, àwọn tó kù yóò máa wo ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú ìwé kan, kí ẹnì kan nínú ilé mọ ibi tí ìwé náà wà.

Ẹ̀kọ́ tí mo gbà gbọ́ jù lọ, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló kọ́ mi. Àwọn bàbá wa tó kọ́kọ́ wá sí Warri ló kọ́ mi. Ẹ rántí nígbà yẹn. Tí ènìyàn bá lọ ya fọ́tò lọ́dọ̀ afọ́tò, tòun ti aṣọ tuntun àti aago ọwọ́, ẹ̀dà méjì ló ń gbà. Ọ̀kan yóò wà lára ògiri rẹ̀ níbí, ọ̀kan yóò bá ẹni tó ń lọ sílé lọ, kí ìyá lè rí i pé ọmọ òun ń ṣe dáadáa. Wọn kò mọ̀ pé ọgbọ́n ìpamọ́ ni àwọn ń dá. Mo dé Warri ní 1991. Ìjà 1997 bá mi níbí, ti 1999 bá mi, ti 2003 bá mi. Àwọn kan nínú wa gbé àpò kan ṣoṣo sá kọjá afárá Udu, ilé jóná lẹ́yìn wọn pẹ̀lú àwòrán ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí, ìwé ilẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣì ní fọ́tò ọdún yẹn lónìí. Èyí tó wà nílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà, ní Ìkàrẹ́, lára ògiri ìyá àgbà, òun ló padà wá bá wọn. Omíyalé 2012 tún dé sí ìpínlẹ̀ wa, ti 2022 tún dé. Omi kì í béèrè pé èwo ni ìwé, èwo ni kọ̀ǹpútà.

Nítorí náà, ẹ̀dà méjì ní ilé kan, ẹ̀dà kan ni. Bí kọ̀ǹpútà bá wà lórí tábìlì tí dísìkì kékeré sì wà nínú àpótí tábìlì náà, olè kan náà ló máa kó méjèèjì, iná kan náà ló máa jó méjèèjì. Ọ̀kan níbí, ọ̀kan nílé. Dísìkì kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ àbúrò mi ló wà báyìí. Tí mo bá lọ sílé fún Kérésì, mo ń gbé òmíràn lọ tí mo ti fi tọdún yẹn kún, mo ń gba ti àkọ́kọ́ bọ̀. A ń pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹni pààrọ̀ ìgò epo.

Mo fẹ́ bá àwọn olórí ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí n tó dákẹ́. Nínú kọ̀ǹpútà ilé ta ni ìwé ẹgbẹ́ yín wà? Orúkọ àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, owó ìsìnkú tí ẹ dá, ẹni tó jẹ, ẹni tó san, àdéhùn tí ẹ bá àwọn onílẹ̀ ṣe? Akọ̀wé kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àbí? Tí kọ̀ǹpútà akọ̀wé bá kún lọ́la, tí ọmọkùnrin kan sì ní kí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀, ọgbọ̀n ọdún ẹgbẹ́ yóò di "bíi tuntun." Èrò mi ni pé kí gbogbo ẹgbẹ́ fi í sínú òfin: ní ìparí ọdún, kí akọ̀wé gbé ẹ̀dà kan fún alága, ọ̀kan fún akápò, kí wọ́n ṣí i lójú ìpàdé kí gbogbo ènìyàn rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. A ń lo wákàtí kan jiyàn lórí aṣọ ẹbí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà títún ṣe jẹun, ẹ má bínú sí mi. Iṣẹ́ yín dára. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì yẹn, ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé, "Bàbá, kí ló wà níbí tí ẹ kò fẹ́ sọ nù?" Kí ẹ dúró kó dáhùn. Bí ó bá ní kò sí, ẹ tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́jọ́ tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí wọ́n ṣe é, mo ní kí wọ́n ṣe é. Ká ní wọ́n bi mí ní ìbéèrè kejì yẹn, mi ò bá rántí.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà, tí bàbá yín ṣì wà, ẹ pè wọ́n lónìí kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kì yín. Tí ẹ bá gbà á sílẹ̀ tán, ẹ má gé e sí ìṣẹ́jú méjì bíi tèmi. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, bí dátà yóò bá tilẹ̀ tán.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa pa ìrántí àwọn òbí wa rẹ́.